Ìgbálẹ̀ Tó Dábùú Ẹnu Ọ̀nà

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan, ẹnìkan kò sì rọ́ ọ fún mi. Bí ẹ bá dé ọjà Kétu lónìí, tí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ olè tó jà ní àdúgbò wa ní ọdún kejì tàbí ìkẹta tí Òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, wọn yóò sọ fún yín pé olè mẹ́fà ni, pé ọkọ̀ ńlá ni wọ́n gbé wá, pé wọ́n fẹ́ oògùn sí wa lójú tí gbogbo wa fi sùn lọ fọnfọn. Irọ́ ni. Ẹni méjì ni wọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọ̀sán gangan ni. Kò sẹ́ni tó sùn. Èmi ni mò ń ṣọ́ àdúgbò lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ kan ni. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe, ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Láti ẹnu bodè àtijọ́ títí dé ọ̀nà Pobè, ilẹ̀kùn tó bá dúró ṣánṣán tí kì í ké bí ẹni tí eyín ń dùn, ẹ béèrè, ọwọ́ mi ló ti wá. Ọdún mẹ́ta ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn fadá kí bàbá mi tó ní kí n wá di ayùn mú. Ọdún mẹ́ta yẹn tó mi. Mo mọ àwọn tó lo mẹ́wàá, tí wọn ò lè kan àpótí ìjókòó.

Ní àdúgbò wa nígbà náà, bí onílé bá ń lọ sóko tí kò sì sẹ́ni kankan nílé, yóò fi ìgbálẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà. Ó parí nìyẹn. Ìgbálẹ̀ náà ń sọ pé onílé kò sí, má wọlé. Ọmọdé kì í rékọjá rẹ̀, àgbà kì í rékọjá rẹ̀. Ẹni tó bá wá yá ọlọ, tó bá rí ìgbálẹ̀, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Mo ti rí ewúrẹ́ kan tó dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan, tó wo ìgbálẹ̀, tó sì yí padà. Àwọn kan ní ebi ni kò pa ewúrẹ́ náà. Wọn ò sí níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀. Kódà àwọn tó ti ra agádágodo, wọ́n á ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n á tún fi ìgbálẹ̀ dábùú rẹ̀. Agádágodo, irin ló fi ń ti ilẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀, ìtìjú ló fi ń tì í, a sì gbà pé ìtìjú le ju irin lọ.

Lọ́dún náà, nígbà tí àgbàdo ń gbẹ lóko, ìròyìn dé láti Kpánkú, abúlé kan nítòsí wa, pé olè kó ẹrù ilé àwọn obìnrin méjì nígbà tí wọ́n wà lóko. Ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀, àwọn olè náà ò yà á. Ilé tó ṣófo nìkan ni wọ́n ń wọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń nàka sí i fún wọn. Olórí àdúgbò pè wá jọ lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá aránṣọ kan, Ìmàle, tí ilé rẹ̀ fara kan tèmi, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká yé fi ìgbálẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó jẹ́ àwa nìkan la wà níbí, ó dára. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni àlejò ń wọlé. Àwọn tó ń ka ewúrẹ́, àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́, àwọn tó ń wọn ọ̀nà. Ẹni tí kò bá nítìjú, ìgbálẹ̀ yẹn ń pè é wọlé ni."

Mo ní, "Bàbá, àlejò wo ló mọ ohun tí ìgbálẹ̀ ń sọ? Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni."

"Ó lè kọ́ ọ."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà jókòó. Wọ́n ní kí ẹni méjì máa ṣọ́ àdúgbò lójúmọ́, kí wọ́n máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn. Mo dìde. Mo ní kí wọ́n má ba iṣẹ́ oko jẹ́, pé àtíbàbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọjú sí ojú ọ̀nà, ẹnìkan ò lè wọ àdúgbò tàbí kí ó jáde kí n má rí i. Èmi nìkan tó.

Ìyá àgbà kan láàárín àwọn obìnrin ní, "Ìwọ nìkan kẹ̀? Ṣé ojú ẹ di mẹ́rin ni?"

"Ìyá, méjì ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sùn."

"Ẹnu ẹ náà kì í sùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rín in. Iṣẹ́ náà sì di tèmi.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Opó ni. Ilé rẹ̀ kọjú sí àtíbàbà mi. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, a sì fẹ́ sin ọmọ náà lọ sílé ọkọ ní Pobè, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí àkókò tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ sí, bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, igbá kan àti aṣọ méjì ló gbé dé ilé ọkọ. Àwọn obìnrin ilé náà tú ẹrù rẹ̀ lójú gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tú u, wọ́n ń gbé e sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á. Wọ́n kà á dé mẹ́ta, ó ti tán. Láti ọjọ́ náà títí ọkọ rẹ̀ fi kú, Ìyàwó Onígbá ni wọ́n ń pè é. Ó búra pé wọn ò ní pe ọmọ òun bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ta epo. Bí epo bá lọ tán, yóò ra aṣọ kan, tàbí abọ́ kan, yóò gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

"Ọkọ mi, wá wo nǹkan."

Èmi ni mo kan àpótí tó ń kó wọn sí, igi ìrókò, mo sì mọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ bí mo ti mọ eyín ayùn mi.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpàdé wa ni ọkùnrin kan yà sí àtíbàbà mi. Kakí ló wọ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́ tó fi dúró gan bí pákó. Ìwé kayé ńlá kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, tòun ti kakí yẹn, nínú èérún pákó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá. Àjàṣẹ́, níbi tí ìjọba wà, ni wọ́n ti rán mi. À ń kọ iye ilé tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga sí."

Ẹni tó bá mọ orí òkè tí a ń gbé yìí yóò mọ ohun tí kànga jẹ́ fún wa. Omi jìnnà sí wa nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì jìnnà sí wa lókè ilẹ̀. Mo fún un ní àpótí ìjókòó. Mo fún un ní omi mu. Ó wo ilẹ̀kùn tí mò ń gbẹ́ lọ́wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á.

"Ọ̀gá, mo ti rin ìlú púpọ̀. Irú ọwọ́ yìí, mi ò tíì rí i." Ó nawọ́ sí àwọn ilé. "Mo kan ilẹ̀kùn mẹ́ta lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìgbálẹ̀ ni mo ń bá nílẹ̀. Ṣé ẹ fi ń lé àìsàn ni?"

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́! Ìgbálẹ̀ lásán kò yé yín, ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga." Mo sì là á yé e. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Mo ní ilé tó bá ti rí ìgbálẹ̀, kí ó má dúró, oko ni wọ́n wà títí oòrùn yóò fi rọ̀. Mo sọ èyí tí oko wọn jìnnà àti èyí tí kò jìnnà. Mo ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé èmi ni mò ń ṣọ́ gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ẹnu mi ni ògiri ọjọ́ náà.

Ó kọ ọ́ sínú kayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ ẹni tó kàwé."

Mo ní mo kà á.

Ó yí kayé náà sí mi. "Ẹ bá mi wò ó, bóyá mo ṣì í kọ."

Mo wò ó. Ìlà kan lọ sókè, ìkejì lọ sísàlẹ̀, ó rí bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Mi ò rí lẹ́tà kan tí mo mọ̀. Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjì tó wá gba fèrèsé wọn dúró tì mí, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo rò pé bóyá bí àwọn akọ̀wé tuntun ṣe ń kọ Faransé nìyẹn, ní wàràwàrà. Mo mi orí. Mo ní, "Ó dára. Kò sí àṣìṣe."

Ó wò mí lójú pẹ́ díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pa kayé dé.

Ọjọ́ kẹrin sí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Odomẹ̀ta, sí oko ọkọ rẹ̀ tó kú, láti wa iṣu tí a óò fi ṣe àsè. Wọ́n máa sùn lọ́hùn-ún lọ́jọ́ méjì. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó fi agádágodo há a. Ó ti kọ́kọ́ ti tẹ̀yìn látinú kó tó jáde, ó sì fi ìgbálẹ̀ tuntun dábùú ẹnu ọ̀nà. Ó wá bá mi.

"Ọkọ mi, ojú ẹ ni mo fi í lé o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Bí eṣinṣin bá bà lé ilẹ̀kùn yẹn, màá mọ̀."

"Kì í ṣe ti eṣinṣin ni mò ń wí."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí ẹ bá rí eṣinṣin náà, ẹ béèrè ibi tó ti ń bọ̀."

Wọ́n lọ. Oòrùn gòkè. Ọjọ́ ọjà ni, ìyókù àdúgbò sì wà lóko. Kí ó tó di ìyálẹ̀ta, ohùn èèyàn ti tán pátápátá, ó ku bàbá aránṣọ tó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀, àti èmi tí mò ń fá pákó. Mo gbé ojú sókè, mo wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fá pákó díẹ̀, mo tún wò ó.

Oníkakí dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, òógùn ti bo ojú rẹ̀. Ó ní wọ́n bínú sí òun ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní orúkọ àwọn onílé kò sí nínú ìwé tí òun kó lọ, àti pé ẹni tó kàwé ní àdúgbò náà gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ó ní kí n bá òun ká lọ sí ìpẹ̀kun àdúgbò.

Mo ní, "Rárá. Mi ò ní kúrò níbí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ níbí. Ẹ ṣáà ń wo ọ̀nà yín."

Ó fún mi ní pẹ́ńsù. Ó tẹ́ kayé sórí pákó tí mò ń fá. Ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn mọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni kí ọwọ́ yá. Orúkọ ogún onílé! Mo tẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà kan, mo gbé ojú sókè, mo wo ilẹ̀kùn iwájú. Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́tà kejì, mo tún wò ó. Ó ń yìn mí: "Ẹ wo bí ó ṣe tọ́. Ẹ wo èyí." Nígbà míì ó máa ń wú ikọ́, ikọ́ ńlá, á dúró, á tún wú u. Mo ní kí ó lọ mu omi. Ó ní eruku ni.

Nígbà tí mo kọ ogún orúkọ tán, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó dúpẹ́ púpọ̀. Ó ká kayé, ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Kò sáré.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìfági ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹnu ojúgbóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé ẹrù rù."

Aboyún ni. Oyún náà ti tó ìbí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹrù kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹní ni wọ́n fi wé e, wọ́n sì fi okùn dì í. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá ní kí a gbé ẹrù ru òun, a kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. A ó gbé e ni. Ká tó wá sọ ti aboyún! Mo ju ìfági sílẹ̀. Mo tẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, a gbé e. Ó wúwo. Mo gbọ́ tí nǹkan dún wóró nínú rẹ̀, bí abọ́ tánganran ti ń dún.

Mo ní, "Ìyá ìbejì, ṣé ọjà lò ń gbé ni àbí ilé?"

"Abọ́ ni, Bàbá. Ìlárá ni mò ń lọ tà á."

Òṣùká orí rẹ̀ fẹ́ yẹ̀, mo bá a tún un ṣe. Aṣọ aláró ni, àmì ẹyẹ funfun wà lára rẹ̀. Mo di etí rẹ̀ mú dáadáa. Mo ní, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ."

"Àṣẹ, Bàbá. Àwọn ọmọ tiyín náà."

Ó lọ. Mo padà sídìí iṣẹ́. Ìfági lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Aṣọ aláró tó ní ẹyẹ funfun. Mo ti rí i rí. Mo ní ọjà Kétu kún fún irú rẹ̀. Mo tún fá pákó. Mo gbé ìfági lélẹ̀.

Mo dìde, mo lọ síwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi. Agádágodo wà ní híhá. Ìgbálẹ̀ tuntun wà níbi tó fi í sí, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Mo fẹ́ na ọwọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kí n tì í wò. Mi ò lè rékọjá ìgbálẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Èmi olùṣọ́, èmi tí mo ní èmi nìkan tó, mo dúró níwájú ìgbálẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mi ò sì lè gbé e kọjá. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi sì sọ fún mi pé bí ìgbálẹ̀ bá wà, ohun gbogbo wà. Mo yí padà.

Mo ti rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ewúrẹ́ tó ké.

Inú yàrá ló ti ké. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí agádágodo há.

Mo dúró. Ó tún ké, ohùn rẹ̀ kún inú yàrá bí ìgbà tí èèyàn ń pariwo sínú ìkòkò òfìfo. Mo sáré gba ojúgbóró lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èmi ni mo kàn án. Irin idẹ tí ilẹ̀kùn fi ń yí, ìta ni mo kàn án sí, nítorí idẹ dáradára ni, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá lójúgbóró rí i. Igi ìdábùú tí ẹ̀gbọ́n mi fi ti ilẹ̀kùn látinú ṣì wà níbi tó wà. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn lọ́ ìṣó irin náà jáde látìta, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà kúrò, wọ́n fi í ti ògiri jẹ́jẹ́. Ikọ́ tí oníkakí ń wú, mo wá mọ ohun tó fi ń bò mọ́lẹ̀.

Ewúrẹ́ jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wọlé. Àpótí ìrókò ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òkìtì àkísà kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀já dì ní róbótó. Mo gbé e. Oyún ni. Oyún tí obìnrin náà gbé wọlé nìyẹn. Èyí tó gbé jáde, tí mo súre fún, aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Mo ké olè. Mo ké e títí ohùn mi fi há. Bàbá aránṣọ jáde, ó yọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún mi. Mo wa kẹ̀kẹ́ náà lójú ọ̀nà Ìlárá bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo bá abọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ti ṣán. Níwájú, àwọn tó ń wa ẹ̀gẹ́ ní àwọn rí ọkọ̀ kan tó dúró gbé ọkùnrin oníkakí àti obìnrin kan. Wọ́n ní obìnrin náà fò sókè wọ ọkọ̀ bí ẹtu. Nígbà tí mo dé Ìlárá, wọ́n ti kọjá sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣáńdáàmù, ọlọ́pàá ìjọba tó wà lẹ́nu ibodè, gbọ́ mi títí, ó nawọ́ sí igi tó dábùú ọ̀nà. Ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn.

Mi ò dúró kí ẹ̀gbọ́n mi dé. Lọ́jọ́ kẹta mo fẹsẹ̀ rìn lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà Odomẹ̀ta. Mo rí wọn lókèèrè, iṣu wà lórí àwọn méjèèjì, ọmọ náà ń kọrin.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ojú mi. Ó ní, "Sọ̀ mí."

Mo bá a sọ iṣu kalẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Kò pariwo. Ó jókòó sórí iṣu náà.

"Obìnrin kan ló gbé abọ́ àti ìkòkò?"

"Obìnrin kan ni."

"Èmi tí mo kó o jọ, mi ò lè dá a gbé. Ta ló gbé e rù ú?"

Ǹ bá purọ́. Ojú ọ̀nà dá, kò sí ẹlẹ́rìí kankan.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó dìde kúrò lórí iṣu. Lẹ́yìn náà ó ní kí á sún ìgbéyàwó síwájú, kí òun tún bẹ̀rẹ̀ epo títà. Ọmọ rẹ̀ ni kò gbà. Ó ní, "Ìyá, olè ò ní bá mi yan ọjọ́. Ọjọ́ tí ẹ dá náà ni màá lọ."

Kí á tó sin ín lọ, a tún ìpàdé ṣe. Kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi fúnra mi ni mo la òfin sílẹ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé e: ẹni méjì ni yóò máa ṣọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kò sí ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àlejò tó bá ní ìjọba rán òun, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tó gbà á sílé nílùú. Ẹni tó bá gbé ìwé wá, bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ sọ pé ẹ ò lè kà á. Gbogbo irin ilẹ̀kùn tí mo ti kàn síta, mo tú wọn, mo kàn wọ́n sínú, n kò gba nǹkan kan. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà míì tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Kétu.

Àwọn aládùúgbò mú abọ́ wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì. Aṣọ mẹ́ta ni a rí kó jọ. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó, ẹni méjì ló yẹ kí ó gbé àpótí ru ẹni tí yóò rù ú. Mo gbé igun kan, igun kejì sì tẹ̀lé e gòkè kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo èèyàn rí i.

Ní Pobè, àwọn obìnrin ilé ọkọ jókòó yí àgbàlá ká. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń kà. Kò pẹ́ tó fi tán. Ìyá ọkọ bojú wo inú àpótí.

"Ó tán?"

Ọmọ wa dá a lóhùn lórí ìkúnlẹ̀, "Ó tán, Ìyá. Ìyókù wà lọ́wọ́ olè."

Obìnrin kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó tí kò lẹ́rù, olè ló máa ń pè."

Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i tó ń wo ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Ìyàwó Onígbá. Ọkùnrin kì í dá sí ẹrù kíkà, mo mọ̀. Mo dìde láàárín àwọn ọkùnrin, mo rìn wọ àárín àgbàlá.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ọmọ yìí ò purọ́. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ẹrù náà ru olè. Mo bá a tún òṣùká rẹ̀ ṣe. Mo súre fún un."

Ẹnìkan ò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ yí ìjókòó rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, "Ìwọ tí o mọ bó ti wúwo tó, kà á fún wa. A ti ṣe tán láti gbọ́."

Mo kà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá dárúkọ, àwọn obìnrin náà ń gbè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe bí ẹrù bá wà lójú.

Aṣọ hòláńdì mẹ́sàn-án, a kò tíì gé wọn. Aṣọ òfì mẹ́ta. Aṣọ aláró méjì, ọ̀kan ní àmì ẹyẹ. Ìborùn mẹ́rin. Abọ́ tánganran méjìlá, a rí ọ̀kan gbà padà, ó ti ṣán. Ìkòkò irin méjì. Ogún ṣíbí. Bàtà méjì. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan. Dígí kan. Àtùpà kan.